Àga Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò sí obìnrin tó kàwé tó Ottilie Kranz nílùú Harlan Ford, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ìwé kò sì sọ ọ́ di nǹkan kan. Aṣọ ló ń rán fún àwọn ìyàwó olówó. Bó bá ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ìwé á wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kó di ọmọ Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yìí ló dá ilé ìkàwé ìlú sílẹ̀, àwọn ló gbin igi sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á ka àròkọ tó kọ, wọn á sì jọ jiyàn lé e. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òfin gbà, kálukú ló sì ní àga tirẹ̀. Àfi kí ẹnì kan kú tàbí kó kó kúrò nílùú kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ Ottilie ti wà lókè nínú ìwé àwọn tó ń dúró, àmọ́ ikú ò mọ ilé àwọn ìyáàfin náà.

Lọ́dún 1911, àìsàn dá Lavinia Pruitt, opó tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wó. Ottilie ní òun á máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní àánú ló ń ṣe é. Irọ́ ni. Ó ń fún ìyá náà lómi ẹran adìẹ, ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń kúrú sí i, inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í.

“Ottilie, ṣé o ti wọn àga mi wò, bóyá á gba ìdí ẹ?”

“Ẹ mu omi ẹran yín, mà.”

“Mò ń mu ún. Àbí mi ò tètè kú tó bó o ṣe fẹ́?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á wò yín sàn.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Tó bá wò mí sàn, ẹkún lo máa sun.”

Ottilie mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lóṣù kẹta, ó ka àròkọ tó fẹ́ fi wọ ẹgbẹ́ fún un. Omi odò tó ń pa àwọn ọmọdé ìlú ló kọ nípa rẹ̀. Lavinia gbọ́ ọ dé òpin.

“Ó dáa,” ló sọ. “Ó dáa ju gbogbo tèmi lọ.” Ó yí ojú sí ògiri, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó kú nínú oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ kejì, ààrẹ ẹgbẹ́, Adelaide Coombs, wá bá Ottilie.

“Bá wa fi àrán dúdú rán nǹkan tá a máa fi bo àga ẹ̀. Kó kanlẹ̀ o.”

Ottilie rò pé ti ọ̀fọ̀ oṣù kan ni. Ó fara balẹ̀ rán an. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé e lọ, àròkọ rẹ̀ wà nínú àpò. Wọ́n ní kó bo àga náà, ó bò ó. Adelaide wá ka lẹ́tà tí olóògbé fi sílẹ̀: ó bẹ̀ wọ́n, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òun, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ mọ́ láéláé. Gbogbo wọn nawọ́ sókè pé àwọn gbà, wọ́n ń nu ojú. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni mẹ́rìnlélógún ni ẹgbẹ́.

“Má bínú, Ottilie,” Adelaide sọ. “Orúkọ ẹ ṣì wà lókè. Ta ló mọ ẹni tó kàn nínú wa?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Igun kan ká sókè níbẹ̀ yẹn. Bá wa tún un ṣe kó o tó máa lọ.”

Ottilie kúnlẹ̀, ó tún un ṣe. Ó jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àròkọ ọjọ́ náà.