Ẹni Tó Fi Àtẹ́lẹsẹ̀ Gbọ́ Ohùn Ẹ́ńjìnnì

Yéè, Bàbá Rúùtù. Ó dìgbà o, ọkọ mi, ọmọ Kambolé tó gbé Sokodé títí tí Sokodé fi ń pè é ní tirẹ̀. Èmi ìyàwó yín ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, lójú ọmọ, lójú ẹbí, lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti gbogbo awakọ̀ tí ẹ bá tún ọkọ̀ wọn ṣe.

Ta ni kò mọ gáráàjì yín ní àdúgbò Kouloundè? Awakọ̀ kò tíì pa ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹ ó ti sọ ohun tó ń ṣe é. Bí èéfín bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, ẹ ó ní omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jóná. Bí ó bá dúdú, ẹ ó ní ọkọ̀ náà ń jẹun ju bó ti yẹ lọ. Ẹ máa ń sọ pé, "Ẹ́ńjìnnì kì í purọ́, awakọ̀ ló ń purọ́." Tem, èdè àwọn ará Sokodé, lẹ fi ń bá oníbàárà ṣàwàdà, Faransé lẹ fi ń kọ orúkọ ohun tí wọn yóò rà, ṣùgbọ́n bí inú bá bí yín, Yorùbá Kambolé nìkan ló ń jáde. Pásítọ̀ wa pàápàá mọ̀ pé bí ọkọ̀ kan bá ń wúkọ́ kọjá lójú títì, ìwàásù ti tán létí yín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ibà líle kan dé ní àkókò òjò. Nígbà tí ó ń lọ, ó kó etí yín méjèèjì lọ. Mo kí yín láàárọ̀, ẹ ń wo ẹnu mi. Ẹ ní, "Ìyá Rúùtù, sọ̀rọ̀ sókè." Mo pariwo. Ẹ tún ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Ìgbà náà ni mo jókòó sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà wá kí yín, wọ́n gbé iṣu wá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi náà, kí n má purọ́ níwájú òkú, mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Síbẹ̀ ẹ ń lọ sí gáráàjì lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá tan ọkọ̀, ẹ ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ ó di ojú. Nígbà mìíràn ẹ ó fi eyín di irin gígùn kan mú, ẹ ó fi ìdí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ẹ ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn èèyàn ń wò yín tàánútàánú. Ojú ń tì mí. N kò mọ̀ pé ẹ ń kọ́ èdè tuntun ni.

Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n wa iṣu tán, a lọ kí ìyá yín ní Kambolé. Ọkọ̀ akérò la wọ̀ padà. Ọmọbìnrin kan tó ń rọbí wà lẹ́yìn wa, Sàláámátù, ọmọ àgbẹ̀ kan níbẹ̀. Agbẹ̀bí ti sọ pé apá òun kò ká a, ìyá rẹ̀ sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba. Ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ohùn. Awakọ̀ ń sáré.

A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ fi bọ́ bàtà. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Mo rí i tí ojú yín yí padà.

Ẹ ní, "Awakọ̀, dúró."

Ó ní, "Bàbá, kí ló dé? Ọkọ̀ ń lọ dáadáa."

Ẹ kò gbọ́ ọ. Ẹ ní, "Dúró, kí o pa á. Ọ́ìlì ti tán nínú ẹ́ńjìnnì yìí."

Ìyá Sàláámátù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Ọmọ mi ń kú lọ." Gbogbo ọkọ̀ dá sí i, wọ́n ní adití ni yín, kí lẹ gbọ́. Èmi ni mo fa aṣọ yín. Mo fọwọ́ ṣe àmì pé kí ẹ jókòó. Nínú ọkàn mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kó pa yín lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wo ojú mi. Nígbà tí awakọ̀ sì dín eré kù kí ó lè yíjú bá yín wí, ẹ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ yí lọ díẹ̀, ó dúró. Ẹ yíjú sí ìyá náà, ẹ ní, "Ìyá, bí a bá ń lọ, ẹ́ńjìnnì yóò gan kí a tó rí Tchamba, ẹ̀yìn la ó fi pọn ọmọ yín débẹ̀. Ẹ fún mi ní ìwọ̀nba àkókò tí ẹ fi ń ro ẹ̀kọ."

Awakọ̀ fi ìbínú fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á. Ó gbẹ. Iná pupa tí ì bá kìlọ̀ fún un ti kú tipẹ́. Nọ́ọ̀tì tó dí ihò ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti tú, ó ti já bọ́ sọ́nà. Mo wẹ̀yìn, mo rí ipa ọ́ìlì dúdú lórí ilẹ̀ pupa, ó tẹ̀ lé wa bí okùn.

Ẹ gé ẹ̀ka igi, ẹ gbẹ́ ẹ ní ṣóńṣó, ẹ ya etí bùbá yín, bùbá tí mo rán fún Àjíǹde, ẹ fi wé e. Ẹ dùbúlẹ̀ sínú eruku, ẹ fi òkúta gbá a wọ ihò náà. Awakọ̀ ní kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kan tí kò kún. Ọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù bọ̀ láti Goubi fún wa ní ìgò méjì tó rà fún ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ dúró. Sàláámátù ké. Ẹ kò gbọ́ igbe rẹ̀, ẹ ṣì dúró. Lẹ́yìn náà ẹ ní, "Ara ẹ́ńjìnnì ti balẹ̀. Rọra wà á."

Kí oòrùn tó wọ̀, Sàláámátù ti bí ọmọbìnrin ní Tchamba. Ìyá rẹ̀ jáde wá bá wa lábẹ́ igi tí a jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ yín mú. Ẹsẹ̀ eléruku náà, tí èékánná rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ó ń wò ó bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu. Èmi náà ń wò ó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá ẹsẹ̀ yẹn gbé, n kò wò ó rí.

Awakọ̀ náà ló ròyìn yín kiri, láti Bago títí dé Sokodé. Ọkọ̀ padà wá sí gáráàjì, ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn mẹkáníìkì tí etí wọn dá ṣáká ń wá bẹ̀ yín pé kí ẹ wá fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ti sú wọn. Ẹ kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kò sì bi mí léèrè ohun tí mo fi ọwọ́ mi sọ lọ́jọ́ náà.

Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fọ aṣọ iṣẹ́ yín, mo fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ẹbí sára pátákó fún yín. N kò kọ èyí tó yẹ kí n kọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ẹ ti gbàgbé, pé èmi ni n ó rán yín létí. Àìsàn yín kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àyè sì ti bọ́.

A gbà gbọ́ pé níbi tí ẹ wà, etí yín ti ṣí. Nítorí náà, kí wọ́n tó bo pósí, ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́ sí yín létí: ẹ dárí jì mí, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo létí ni n kò gbọ́.

Ẹ sùn re o, Bàbá Rúùtù. Ẹ sùn re lọ́dọ̀ Ẹni tó dá àtẹ́lẹsẹ̀ yín.