Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ Lára Ògiri

Òórùn ọ̀dà tútù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń na ẹsẹ̀ létí ògiri tó pín àdúgbò wa ní Kettering, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí méjì. Àwa onílé wà lápá kan; àwọn ayálégbé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lódìkejì. Wọ́n ti ń bẹ ẹgbẹ́ onílé pé kí a fi ilẹ̀kùn sí ògiri náà, kí wọ́n lè gba ọ̀dọ̀ wa dé ibùdókọ̀ láìrìn yípo. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àfi bí ẹnìkan tí a kò mọ̀ ṣe ya ọwọ́ méjì sára ògiri, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, tí nǹkan gígùn kan wà láàárín wọn, tó sì kọ OGUN sábẹ́ wọn, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.

Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹgbẹ́ ní kí n túmọ̀ rẹ̀, torí èmi nìkan ni Yorùbá láàárín wọn, wọ́n sì mọ̀ pé mo ka èdè náà ní yunifásítì láyé ọjọ́un. Mo tún awò ojú mi ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní ogun ni, ogun tí à ń jà, pé ó jọ pé àwọn ará ẹ̀yìn ògiri ń halẹ̀ mọ́ wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kun ògiri ní funfun, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sì kú síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan láti ẹ̀yìn ògiri, ọmọ Ìbàdàn tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn.

“Daddy, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ka ògiri fún wọn.”

“Èmi ni. Ta ló kọ ọ́?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ṣùgbọ́n ogún ni mo kà níbẹ̀, èyí tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹ ò rí ọwọ́ àgbà tó ń na kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọmọdé?”

“Ọ̀bẹ ni mo pè é.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yẹn, wọn ò kọ́ yín ní wíwo àwòrán.”

Síbẹ̀, mo yọ́ wo èékánná rẹ̀ bóyá màá rí ọ̀dà. Ó mọ́ tónítóní.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹgbẹ́ láti ṣàtúnṣe ìtúmọ̀ mi ti wà lápò ẹ̀wù mi láti ìpàdé mẹ́ta sẹ́yìn, n kò tíì fún wọn. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀rọ̀ náà a máa hàn fírífírí lábẹ́ ọ̀dà funfun, nọ́ọ̀sì yẹn á sì rìn yípo gba iwájú ilé mi kọjá. Ó ṣì ń kí mi. N kò mọ ohùn tí ǹ bá fi ka ìkíni náà.