Ilẹ̀ Exchange Tí Ọláwọlé Kì í Fi Bàtà Tẹ̀

Àdúrà tí a gbà lórí ilé tí a kò kọ́, níbo ló ń gbé? Mo ti bi Ọlọ́run léèrè lórí eékún, mo ti bi àwọn tó jù mí lọ nínú ìjọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọláwọlé ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àdúgbò Greenspoint ní Houston ló ń gbé pẹ̀lú Veronica ìyàwó rẹ̀ àti Adéolú ọmọ wọn, nínú apartment kan tó kẹ́yìn sí òpópónà freeway. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn ní Houston, ilé-iṣẹ́ kan gbà á síṣẹ́ ọlọ́dẹ lórí ilẹ̀ òfìfo kan nítòsí ibẹ̀. Ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Exchange, níbi tí àwọn oníṣòwò yóò ti máa pàdé láti dúnàádúrà. Àwòrán rẹ̀ ti wà láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Àwọn oníṣòwò òwú kan ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn fọ́ kí wọ́n tó fi bíríkì kan lé òmíràn. Charles, ọ̀gá Ọláwọlé, ní àwọn yóò parí ohun tí àwọn ará ìgbàanì kò lè ṣe.

Ọláwọlé sọ fún un pé nílùú tòun, a kì í fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ láìgbàdúrà. Charles rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àdúrà kì í pọ̀ jù. Bí ìjọ wa ṣe lọ síbẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àbẹ́là àti omi àdúrà. Àwọn mọ́tò ń dín eré kù lórí freeway láti wò wá.

Olùṣọ́-àgùntàn wa nígbà náà, tí wọ́n ti padà sí Ìbàdàn báyìí, ní ká fi àwòrán ilé náà han àwọn. Wọ́n rí ilé ìṣọ́ gíga lórí rẹ̀, wọ́n rí fèrèsé tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Abẹ́òkúta. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Wọ́n rin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, wọ́n lu agogo, wọ́n sì kéde pé ilé Ọlọ́run ló ń bọ̀ níbẹ̀, kí bàtà ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí ayé. Ọláwọlé fẹ́ sọ pé ilé ọjà ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti ṣe àmín.

Owó epo wá já wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fọ́ bíi ti àkọ́kọ́, Charles kó lọ sí Dallas. Báńkì tó gba ilẹ̀ náà ní kí Ọláwọlé máa dá oko síbẹ̀, kí igbó má baà bò ó. Ó ń gbin ilá, ata àti ẹ̀fọ́ síbi tí ilé ọjà ìbá wà, kò sì sí ìdílé kan nínú ìjọ wa tí kò tíì jẹ nínú rẹ̀. Bí mo bá yà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí mo bá a tó ń kọrin fún ilá rẹ̀, n kì í rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó o.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ro oko náà. Bàtà rẹ̀ a dúró létí títì. Oòrùn Houston a mú kí ilẹ̀ gbóná bí agbada gàrí, èèrà pupa ibẹ̀ sì ń ta bí iná. Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, pé ọgbẹ́ kékeré lẹ́sẹ̀ lè di ohun tí wọ́n á torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí èèrà fi ta á, ojú ibẹ̀ kò sì jiná bọ̀rọ̀.

Veronica ránṣẹ́ pè mí, nítorí èmi ni Ajíhìnrere ìjọ náà báyìí. Ó ń fọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú bàsíà nígbà tí mo wọlé.

"Ajíhìnrere, ẹ bá mi bi wọ́n," ó ní. "Mósè gan-an, nígbà tó kúrò nídìí igbó tó ń jó, ṣé kò wọ bàtà rẹ̀ padà ni?"

"Ọlọ́run ló ní kó bọ́ ọ," Ọláwọlé dáhùn. "Ẹ ka ibi tó ti ní kó wọ̀ ọ́ fún mi."

"Ẹ gbọ́ ẹnu wọn. Daddy Adéolú, èèrà ò mọ ilẹ̀ mímọ́ o. Ẹran ara ló mọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Ọláwọlé náà rẹ́rìn-ín. Mo rán an létí pé Olùṣọ́-àgùntàn ṣi àwòrán wò ni. Ó ní òun mọ̀, ṣebí òun wà níbẹ̀. Ó ní àmín tí àwa ṣe ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ṣìnà ni? N kò jẹ́ sọ fún un pé nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó bóyá ilẹ̀ kan náà ni gbogbo ilẹ̀.

Mo ní kó kúkú fi oko náà sílẹ̀. Ó mi orí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ nìkan ni òun ti ń gbọ́ ohùn ara òun. Veronica pàápàá kò fẹ́ kó fi í sílẹ̀, bàtà nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọláwọlé nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Ajíhìnrere, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan," ó ní. "Tó bá di Sátidé, ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ kọ́kọ́ rìn wọ inú oko yẹn. Èmi á dúró létí títì, bàtà mi lọ́wọ́, n ó máa wò yín kí n tó wọ̀ ọ́."