Ohun tí Mo Sọ fún Màmá Mi Nípa Ẹkún

Òórùn pọ́líìṣì bàtà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Hartstown, ní Ireland. Màmá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń nu bàtà ilé-ìwé mi bí ẹni tó ń bá a jà. Màmá Nora, arúgbó ará Ireland tó múlé tì wá, ló kú. Òun ló máa ń dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé-ìwé tí màmá mi bá wà níbi iṣẹ́ ní Mulhuddart. Wọn ò ní gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ńṣe ni wọ́n fẹ́ sun òkú rẹ̀. A ò rí irú rẹ̀ rí.

Màmá mi bi mí pé, "Tóyìn, ṣé a máa kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀? Ṣé èèyàn lè sunkún níbẹ̀?"

Màmá mi a máa wí pé, "Àlejò lójú, kò fi ríran," ó sì gbà pé ojú tèmi ríran, torí mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo rántí bí màmá mi ṣe ń sunkún tó yí gbiri nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ bàbá rẹ̀ láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀rù bà mí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi tó máa wá síbi òkú náà á rí i bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé wọn kì í sunkún níbẹ̀, pé ìwà àrífín ni.

Ilé tí wọ́n ti ń sun òkú náà pa rọ́rọ́. Nígbà tí kọ́tìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé mọ́ pósí, màmá mi ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lójijì ni ọmọbìnrin Màmá Nora bú sẹ́kún, àwọn èèyàn sì bá a sun ún. Màmá mi yíjú wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin Màmá Nora di ọwọ́ màmá mi mú. "Sorry for your trouble", ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn wọn tí mo kọ́ ọ, nìkan ni màmá mi lè sọ. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ tó gbẹ, ó mi orí, ó kọjú sí ẹlòmíì. Nígbà tá a délé, màmá mi ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ó ti tó ogún ọdún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bi mí báyìí tí wọ́n bá ń lọ síbi òkú àwọn ará ibí: aṣọ wo ni kí àwọn wọ̀, ibo ni kí àwọn jókòó? Mo máa ń ní kí wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún ẹbí, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbé òdòdó lọ, kí ẹni tí ẹkún bá gbọ̀n sun ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kú níbi iṣẹ́ màmá mi. Ó pè mí, ó béèrè aṣọ, ó béèrè aago. Kò béèrè ẹkún. Aṣọ àti aago náà nìkan ni mo sọ fún un. Nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé á dójú tì mí. Ní báyìí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ṣì gbà mí gbọ́.