Oorun Orí Àga Gígùn

Ojú ara mi ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Kò síbi tí mi ò tíì sùn nínú bàálù. Mo ti ká kò bí ìgbín lẹ́yìn, mo ti na ẹsẹ̀ díẹ̀ láàárín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi tí kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, mo dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú, níbi tí àga ti ń di bẹ́ẹ̀dì. Òórùn fóòmù tuntun ibẹ̀ ló gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ṣe àga ní Siluko Road.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi bá mi lójú oorun lórí àga gígùn oníbàárà kan.

"Àjàní, dìde! Ṣé ìwọ lo ni ín?"

Mo fi ìbínú yọ́ lọ sùn sórí táyà lọ́dọ̀ alátáyà ẹ̀gbẹ́ wa. Bàbá lọ ra ìṣó. Kó tó dé, iná ti mú ṣọ́ọ̀bù. Ó ju ìṣó nù, ó sáré wọlé. Ariwo iná ti jí mi, mo rò pé àga ló fẹ́ gbé. Nígbà tó ń pariwo orúkọ mi, mo rò pé ó fẹ́ nà mí ni, mo bá sá pamọ́.

Alátáyà fà mí jáde. "Ọ̀gá, come out! Your pikin dey here!"

Bàbá jáde pẹ̀lú èéfín lára, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé mi lé itan.

"Ọmọ olóorun, ṣé táyà dùn ún sùn?"

Ìgbà tí mo bímọ tèmi ló tó yé mi pé èmi ló ń wá kiri nínú iná.

Mo fa aṣọ bora nínú bàálù, mo sùn títí a fi balẹ̀. Àga gígùn kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, gbogbo fóòmù wa àti irun ìpéǹpéjú bàbá mi: ohun tó jóná nìyẹn.