Èènì Tó Fẹ́ Jẹ Oko Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ó jẹ́ pé ìkòkò omi tó kéré jù nílé ni wọ́n ń gbé lé mi lórí, ẹ̀gẹ́ ni abúlé wa ń jẹ, ẹ̀gẹ́ náà ni ó ń tà. Abúlé náà kò jìnnà sí Datcha. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Atakpamé láyé ọjọ́un, ẹ ó rántí òórùn yẹn: omi kíkan tó ń jò lábẹ́ òkúta tí a fi tẹ àpò ẹ̀gẹ́, èéfín igi tútù, àti gàrí gbígbóná tí a máa ń jí bù sẹ́nu bí ìyá ẹni bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó máa ń jó ahọ́n. A kì í sunkún, torí ẹni tó bá sunkún ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìyá mi á bó ẹ̀gẹ́, á rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, á tẹ̀ ẹ́, á jọ̀ ọ́, á wá jókòó ti agbada, á máa fi àfọ́kù igbá yí i. Èmi ni mo ń kó èèpo, tí mo ń lé ewúrẹ́, tí mo sì ń pọn omi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ kò le nígbà náà, ẹ ní kó wá wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé mo gbójú. Ìyá mi sọ ọ́, olùkọ́ sọ ọ́, fàdá tó ń wá gba ìjẹ́wọ́ wa náà sọ ọ́. Wọn kò parọ́. Mo ti gbọ́ ọ títí kò fi dùn mí mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ibi tí mo ti kọ́ ọ, torí wọn kò bí i mọ́ mi. Ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí a ti ń ṣe ọjà iyanrìn.

Eré yẹn ní ètò ju bí àwọn àgbà ti rò lọ. Yawá, ọmọ katekísì tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ló dàgbà jù nínú wa, òun ló sì ṣe òfin rẹ̀. A ó tò láti ìdí igi dé etí ọ̀nà. Ní ìdí igi ni àgbẹ̀ wà, ó ń wa iyanrìn nínú kòtò, iyanrìn yẹn sì ni gàrí wa. Alágbàtà tẹ̀ lé e, tó ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé fún ẹni tó ń tà á, Yawá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ní etí ọ̀nà pátápátá ni Kòfí àbúrò Yawá máa ń dúró sí, òun ni oníbàárà, agolo tòmátì sì ni òṣùwọ̀n wa. O kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ àfi ẹni tó jókòó tì ọ́. Bí Kòfí bá fẹ́ gàrí, á sọ fún Yawá, Yawá á sọ fún alágbàtà, alágbàtà á sọ fún àgbẹ̀. Kí àgbẹ̀ dìde lọ bi oníbàárà ní nǹkan kan, àfojúdi ni, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ kì í fo ẹni tó jù ọ́ lọ.

Ìyà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí gàrí bá tán níwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè, á na ọwọ́, Yawá á fi pákó nà án ní àtẹ́lẹwọ́. Bí agogo ìrọ̀lẹ́ bá sì lù, ẹni tí iyanrìn bá pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kó ti gbogbo wa padà sínú kòtò, a ó sì máa fi orin bú u títí yóò fi ṣe tán.

Ẹ mọ̀ pé kò sí ìyá tó ń wọn gàrí nílẹ̀ wa tí kì í bu èènì lé e. Àwa náà ń bu èènì. Ṣùgbọ́n nínú ọjà wa, ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè gan-an ni èènì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòfí á ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún tòun lónìí. Yawá á ronú pé kí èènì má lọ wọ́n òun lójú oníbàárà, á ní kí wọ́n gbé ìlọ́po rẹ̀ wá. Alágbàtà náà á ro ti èènì, á ro ti pákó, á bù sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa dé ìdí igi, ó ti di òkìtì. Àgbẹ̀ á máa wa ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ á fi dúdú, kí wọ́n tó wá sọ pé Kòfí ti ní ó tó òun. Yawá á ní ó tó òun náà, alágbàtà á kọ ẹ̀yìn sí ọ, ìwọ nìkan ni yóò kù pẹ̀lú òkìtì rẹ. Èmi ni àgbẹ̀. Èmi ni mo kéré jù, nítorí náà èmi ni àgbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tó yá, inú bí mi. Alágbàtà dé, ó ní kí n tún wa púpọ̀ sí i, ọjà ń tà. Mo ju páálí tí mo fi ń wa ilẹ̀ nù, mo gba iwájú gbogbo wọn kọjá lọ sí etí ọ̀nà, mo bi Kòfí pé báwo ni gàrí tó fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní agolo kan náà tí òun ń rà tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní òun kàn fi díẹ̀ kún un lánàá torí òun fẹ́ fi di ẹrù sínú ọkọ̀ igi òun, ọkọ̀ náà sì ti kún. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú ni. Yawá ní mo ti ba eré jẹ́, ó lé mi lọ. Mo lọ. Mo sọ fún un pé n kò ní wa iyanrìn fún ẹni tí n kò bá fi ojú ara mi rí mọ́, àyàfi tí a bá jókòó yíká kí gbogbo wa máa wo ẹnu Kòfí. Wọ́n ṣe é láìsí mi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pè mí padà, a jókòó yíká.

Nínú òjò ọdún yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí eré. Ìyá kan wà ní ọjà Anié tó ń ta gàrí fún àwọn èrò ọ̀nà, Màmá Kòsíwá ni a ń pè é. Kì í bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Tási ni ó ń rán sí wa. Tási ni a ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, òun ló ń kó gàrí gbogbo abúlé wa jọ lọ sí Anié. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, kò tilẹ̀ jókòó, ó ní, “Ìyàwó mi, Anié ń béèrè gàrí. Ohun tó bá wà lóko, kó gbogbo rẹ̀ wá.”

Oko méjì ni a ní. Ti ẹ̀bá ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti etí odò la fi pamọ́ fún ẹnu ara wa, fún àwọn oṣù tí iṣu àtijọ́ bá ti tán tí tuntun kò sì tíì dé. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ yẹn wà bí ẹni wà nínú àká, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ebi tó dé. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, títí kan ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi wo Tási, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó dáa, ọkọ mi.” Kí ló tún lè sọ? Ìyàwó ilé ni. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ fún wọn kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, kò lè bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Bàbá mi tí ì bá sì bá a béèrè, Atakpamé ló wà níbi iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé.

Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí a lọ fa ẹ̀gẹ́ etí odò, mo ní n kò lọ. Mo bi ìyá mi bóyá ó mọ ẹni tó fẹ́ jẹ gbogbo gàrí náà. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mo tún béèrè lórí ìkúnlẹ̀. Apá mi ń gbọ̀n, ẹnu mi kò gbọ̀n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi sú u, ó ní bí n kò bá fẹ́ fa ẹ̀gẹ́, kí n bá Tási ru ẹrù lọ sí Anié lọ́la, kí ó rẹ̀ mí kí n lè gbọ́n. Ó rò pé òun ń fi ìyà jẹ mí ni.

Orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù la jókòó sí, eruku pupa bò wá. Ọjà Anié kún, ẹja gbígbẹ níhìn-ín, òróró níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pariwo pé Sokodé ni àwọn ń lọ. A dé ọ̀dọ̀ Màmá Kòsíwá, obìnrin sísanra kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí àpò gàrí lẹ́yìn rẹ̀ tí kò tíì tú. Tási ń sọ àpò kalẹ̀ lọ́wọ́, mo kọjá níwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà, mo sì bi í.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó fẹ́ ra gbogbo gàrí tí ẹ ní kí a kó wá?”

“Gbogbo báwo? Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ló ní kí n wá àpò kan kún tòun. Mo ní kí Tási rẹ wá méjì, kí èènì má baà wọ́n mi. Àwọn yẹn ti ká àgọ́ wọn, wọ́n ti lọ.”

Mo yíjú wo Tási. Ìfọ́tí rẹ̀ ti dún létí mi kí n tó la ẹnu. Ó ní ṣé èmi ni yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ òun wò, ó ní ọmọ tí kò tíì mọ imú fọn. Mo mọ imú fọn. Mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èènì ti hù lórí èènì, láti ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó ṣìkà. Ìtìjú ni gbogbo wọn ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a ó jẹ ni wọ́n fi ń sá a.

Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa lójú ọ̀nà wa ni mo ti bẹ́ sílẹ̀, mo sáré gba ọ̀nà odò. Ìyá mi ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wa. Apá kan oko náà ti ṣófo, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Mo sọ gbogbo ohun tí Màmá Kòsíwá sọ, mo ń sọ ọ́ mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ìyá mi dúró, ó di igi ẹ̀gẹ́ kan mú, kò fà á, kò sì fi í sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí ó bá dúró, ó ti pe Tási ní òpùrọ́ lójú àwọn obìnrin ilé. Bí ó bá fà á, kí ni àwa yóò jẹ?

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi náà. Nígbà tí Tási fi máa dé tòun ti ìbínú, ìyá mi ti kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kù dúró ná.”

Lẹ́yìn náà ló já ẹgba, ó sì nà mí níwájú Tási nítorí pé mo bá àgbà sọ̀rọ̀ ní ọjà. Ó nà mí dáadáa, n kò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí a jẹun ní ìrọ̀lẹ́, orí ẹja, tó jẹ́ pé bàbá mi nìkan ló ń jẹ ẹ́ nílé wa, inú àwo tèmi ló wà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fa eegun rẹ̀ mu.

Gàrí tí ó pọ̀ yẹn kò tà. Òjò kàn án nínú àwọn àpò nílé Tási, ó bu funfun, ó ń rùn. Ebi sì dé bí ó ti máa ń dé. Ọ̀pọ̀ ilé tó ti fa oko tán ń jẹ ewé àti máńgòrò tútù. Àwa ń lọ sí etí odò. Tási náà rán agbọ̀n sí wa. Ìyá mi dì í kún, ó ní kí n rù ú lọ, kí n sì kúnlẹ̀ kí n tó gbé e kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyẹn kò nira fún mi, n kò bínú sí i rí lórí oúnjẹ.

Ayé ti yàtọ̀ sí tìgbà náà. Èmi náà ń ta gàrí ní Agbonou, ní Atakpamé, báyìí, ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́, tẹlifóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Lomé láti kọ́ ẹgbẹ́ àwa onígàrí ní ọ̀nà òwò. Wọ́n kó káàdì jáde, wọ́n tò wá: àgbẹ̀, alágbàtà, olùtajà, oníbàárà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ àfi ẹni tó jókòó tì í. Kí oòrùn tó wọ̀, òkìtì ti wà níwájú àgbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tuntun ni. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó mú tẹlifóònù dání, tí wọn kò jẹ́ pe ẹni tó fẹ́ jẹ gàrí náà, torí kò yẹ kí a fo ìyá kan kọjá. Tẹlifóònù kò lè gbójú fún ẹnikẹ́ni.

Láìpẹ́ yìí, mo ń sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n yan gàrí sí i, kí wọ́n fi púpọ̀ kún un. Ọmọ mi obìnrin dúró níwájú àwọn oníbàárà, ó ní, “Màmá, ta ló ní òun fẹ́ ẹ?” Gbogbo ènìyàn yíjú wò mí. Ọwọ́ mi ti gbéra nílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, ọwọ́ àwọn ìyá mi ni. Mo gbé e padà sórí itan mi.

Mo dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní n kò tíì béèrè.