Ẹnìtàn Kò Rán Wọn Níṣẹ́ Ìpẹ̀

Bí inú bá bí Ẹnìtàn, kì í jà. Ńṣe ló máa ń yan èèyàn lódì. Tíṣà ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ gbé wá sí Mowo nílẹ̀ Ègùn. Láyé ìgbà tí sójà ń ṣèjọba, kí èèyàn tó rí mílíìkì rà, ó di kó tò nínú oòrùn. Ẹnìtàn tò. Démọ́lá ọkọ rẹ̀ jí agolo mílíìkì náà kó, ó gbé e fún ọmọ jòjòló tí obìnrin kan bí fún un ní bòókẹ́lẹ́ ní Ìjanikin, Ọlọ́ládé ọmọ wọn sì ń mu ògì lásán nílé. Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀dájú! Láti ọjọ́ tí Ẹnìtàn ti ká a mọ́, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan, Agatha, ló mú un wọ ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tí ilé ń gbóná mọ́ máa ń jókòó yíká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Oníkálùkù á sọ ibi tó ń dùn ún, àwọn yòókù á gbọ́. Wọn kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ó pẹ́ kí Ẹnìtàn tó lanu, àmọ́ lọ́jọ́ tó là á, ọ̀rọ̀ mílíìkì tú jáde tẹkúntẹkún. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Àṣé Ìyá Zinsu, àgbà àárín wọn, kò lè mú un mọ́ra. Ègùn ni o, Yorùbá ni o, ta ló mọ bí a ti ń gbọ́ ìjà láì là á? Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Démọ́lá tí Ìyá Zinsu lọ mú wá ni Ẹnìtàn bá níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Ọlọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mílíìkì yẹn..."

"Tíṣà, ẹ foríjì í," ni gbogbo wọn ń wí.

Ẹnìtàn kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì láyé yìí àfi ẹgbẹ́ náà. Ó gbé báàgì, ó kọrí sọ́nà. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Bó bá lọ, odì náà ló tún yàn yẹn. Ó padà.

"Ìyá Zinsu, ẹ dalẹ̀ mi. Ẹ̀yin ni mo finú hàn, ẹ wá gbé e tọ ẹni tó ṣẹ̀ mí lọ. Ó dùn mí ju ti ọkọ mi lọ."

Ìyá Zinsu fẹ́ sọ pé ire lòun rò, Agatha ní, "Ẹ gbọ́ ọ ná, Ìyá."

Omi lé sójú ìyá àgbà náà. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo dalẹ̀ rẹ."

Ẹnìtàn fa àga kan sáàárín. Ó wo Démọ́lá nílẹ̀.

"Bàbá Ọlọ́ládé, ẹ dìde, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tiyín ló kàn."